Ọ̀rẹ́ mẹ́ta láti iléèwé, iléeṣẹ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ta ló ni kí ni?

ọmọ_abẹ́rẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, n kò sì rí ẹni bá sọ ọ́, nítorí àwọn tí mo máa ń bá sọ ohun tó bá ń dùn mí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Àwa mẹ́ta la jọ gbé yàrá kan náà láti ọdún kejì wa ní yunifásítì. Ọ̀kan mọ kóòdù kọ dáadáa. Ìyá èkejì jẹ́ télọ̀ ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn. Ní tèmi, ẹnu àti ẹsẹ̀ ni mo ní: mo lè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, mo sì lè rìn. Nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ ní 2022, tí oṣù mẹ́jọ gbáko fi lọ, ilé ìyá ọ̀rẹ́ wa yìí la máa ń wà jù. Ìwé kan báyìí ni wọ́n fi ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí: èjìká 17, ọwọ́ 24, àyà 42. Nígbà tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ kan, òjò wọ ṣọ́ọ̀bù lóru. A débẹ̀ láàárọ̀, a bá ìyá níbi tí wọ́n ti ń fi áyọ́ọ̀nù lọ ìwé náà ní ojú-ewé kọ̀ọ̀kan kó lè gbẹ, íǹkì ti ṣàn, 42 ti di búlúù lásán. Aṣọ mọ́kànlélógún ló wà nílẹ̀ tí wọn ò tíì gé.

Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀. A ṣe ojú-òpó kan tí télọ̀ lè fi fóònù rẹ̀ kọ ìwọ̀n sí, ọjọ́ tí oníbàárà máa gba aṣọ, owó tó ti san àti èyí tó kù. Bó bá ku ọjọ́ mẹ́ta, á fi àtẹ̀jíṣẹ́ rán àwọn méjèèjì létí. Télọ̀ 43 ló ń san ₦1,500 lóṣooṣù fún wa báyìí.

Alẹ́ ọjọ́ tí a pinnu láti ṣe é, ẹ̀wà àgànyìn àti búrẹ́dì la ń jẹ. Ẹnìkan sọ pé, "Dọ́gba-dọ́gba ni o." A rẹ́rìn-ín, a ń jẹun lọ. Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan sílẹ̀.

Ní báyìí, oníṣòwò kan fẹ́ fi ₦6,000,000 sí i. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi wá ni pé: "Ta ló ni ín? Ìwé dà?" A ń wo ojú ara wa. Domain (orúkọ ojú-òpó wa) àti server (ibi tí a gbé e sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì) wà lórúkọ ẹni tó ń kọ kóòdù. Owó àwọn télọ̀ ń wọ àkáǹtì ẹni tí ìyá rẹ̀ jẹ́ télọ̀. Èmi tí mò ń fẹsẹ̀ rìn láti Òkè-Àdó dé Mọ́níyà, orúkọ mi ò sí níbì kankan. Lálẹ́ ọjọ́ náà, oníkóòdù ní ìdajì ló tọ́ sí òun, pé bí kò bá sí kóòdù kò sí nǹkan kan. Ẹnìkejì ti ríṣẹ́ sí Èkó láti oṣù kẹta, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń rójú ṣe tiwa. Òun ò sọ nǹkan kan. Dídákẹ́ rẹ̀ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Báwo ni ká ṣe pín in? Báwo ni mo sì ṣe máa gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ tí a ò fi ní di ọ̀tá ara wa?

jagun_mókọ́lá

Dọ́gba lẹ sọ, dọ́gba ni kó jẹ́. Ọ̀rọ̀ tí a sọ nídìí oúnjẹ náà, ọ̀rọ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ yí i padà ni kí ẹ bi léèrè.

ará_ifẹ̀

Àbúrò, fọkàn balẹ̀ ná. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ fi àsìkò ìyanṣẹ́lódì dá nǹkan sílẹ̀. Mo wà ní Ifẹ̀ ní 2009 nígbà tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kẹfà títí wọ oṣù kẹwàá. Gbogbo ọgbà dá páro. Ọ̀pọ̀ nínú wa kàn ń sùn ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ OAU mẹ́ta, Ọpẹ́yẹmí Awóyẹmí, Ayọ̀dèjì Adéwùnmí àti Ọlálékan Olúdé, fi àsìkò yẹn ṣe Jobberman, ojú-òpó tí ẹni tó ń wáṣẹ́ àti ẹni tó ń wá òṣìṣẹ́ ti ń pàdé. Oṣù kẹjọ ọdún yẹn ló jáde. Nígbà tó yá, Tiger Global, àwọn olówó ìdókòwò láti New York, fi owó sí i. Ọmọ iléèwé tí kò mọ ìgbà tí wọ́n máa ṣí ọgbà padà ni wọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo PiggyVest náà, ojú-òpó tí èèyàn fi ń tọ́jú owó. Ọdúnayọ̀ Ewéníyì, Somto Ifezue àti Joshua Chibueze, Yunifásítì Covenant ní Ọ̀tà ni gbogbo wọn ti kàwé. Nígbà tí 2015 ń parí lọ, obìnrin kan gbé àwòrán kólò onípákó rẹ̀ sórí Twitter: ₦1,000 lójúmọ́ fún ọdún kan, ó fọ́ ọ, ó ká ₦365,000. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn wò, tí wọ́n kọjá lọ, àwọn yìí ní ká ṣe kólò yẹn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 2016 ni wọ́n gbé e jáde, Piggybank ni wọ́n ń pè é nígbà yẹn, 2019 ni wọ́n yí orúkọ padà.

Ohun tí àwọn èèyàn kì í sọ nínú ìtàn yẹn ni pé àwọn kan náà ti jọ ń ṣe PushCV, iṣẹ́ ìwákiri iṣẹ́, kí kólò tó dé. Wọ́n ti rí ìwà ara wọn nígbà tí owó ò tíì sí. Ohun tí iléèwé fún ẹ̀yin náà nìyẹn. Ìwọ mọ èyí tó máa ń dá owó tó bá yá padà nínú àwọn méjèèjì. O mọ ẹni tó máa ń jí ní aago mẹ́rin bí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹni tó bá lọ wá alábàáṣe lójú pópó kò ní ìmọ̀ yẹn.

Àmọ́ mi ò gbà pẹ̀lú jagun. "Dọ́gba" tí ẹ sọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ sọ ọ́ nígbà tí ohun tí ẹ fẹ́ pín ò tíì tó nǹkan.

òṣogbo_òròkí

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ó ti pẹ́ tí mi ò sọ ọ́ síta.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan jọ ka kẹ́mísírì. Ní 2016 a ṣe ojú-òpó ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ fún àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe WAEC àti JAMB. Èmi ń tẹ ìbéèrè, mo ń yanjú wọn, òun ń ṣe ojú-òpó. Ọjọ́ tí a fẹ́ ra domain, káàdì ATM tèmi kọ̀, kò gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òun ló fi tirẹ̀ ra á, pẹ̀lú ímeèlì tó ti ń lò láti sẹ́kọ́ńdírì, ó sì fi orúkọ ìnagijẹ tí gbogbo wa ń pè é nínú họ́sítẹ́lì kún fọ́ọ̀mù. Dọ́là méjìlá péré ni. A bọwọ́ a lọ jẹ àmàlà.

Ó lọ Kánádà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. A ò jà o. Ọ̀rọ̀ kàn ń dín kù láàárín wa ni, bó ṣe máa ń rí. Káàdì yẹn, tí owó domain ń ti ibẹ̀ jáde lọ́dọọdún, kú pẹ̀lú àkáǹtì tó pa dé nígbà tó ń lọ. Ìwé ìránnilétí ń lọ sí ímeèlì tí kò ṣí mọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan ní oṣù kẹrin, nígbà tí àwọn ọmọ ń múra JAMB lọ́wọ́, mo ṣí ojú-òpó wa, ìpolówó tẹ́tẹ́ ni mo rí. Mo rò pé fóònù mi ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo pa á, mo tún un tàn. Mo gba fóònù ìyàwó mi. Tẹ́tẹ́ náà ni. Mo pè é, aago mẹ́ta òru ni lọ́dọ̀ wọn. Ó dìde, kò fi ṣe ìbínú rárá, ó ń wá password kiri. Ímeèlì ní àfi kó fi nọ́ńbà Nàìjíríà rẹ̀ jẹ́rìí ara rẹ̀, ó sì ti jù nọ́ńbà yẹn nù. Ó kọ̀wé sí àwọn tó ta domain fún wa, wọ́n ní kó fi páspọ́ọ̀tù rẹ̀ ránṣẹ́. Orúkọ tó wà nínú páspọ́ọ̀tù kì í ṣe èyí tó wà nínú fọ́ọ̀mù. Bí a ṣe ń lọ, tí a ń bọ̀ nìyẹn títí ọjọ́ tí wọ́n fi ń dúró de ẹni tó ni ín fi pé. Ẹlòmíì rà á. Ó ní bí a bá fẹ́ ẹ, ká mú $2,800 wá.

Kò sẹ́ni tó jalè. Kò sẹ́ni tó da ẹnìkejì. Ibi tí a kọ orúkọ sí ló pa wá. Ó ṣègbéyàwó ní ọdún tó tẹ̀lé e, orí Facebook ni mo ti rí i.

Àbúrò, kí ẹ tó sọ̀rọ̀ ìdá mélòó, ẹ kọ́kọ́ gbé domain yẹn kúrò lórúkọ ẹnì kan. Lọ́sẹ̀ yìí.

amòfin_àkúrẹ́

Òròkí, ẹ pẹ̀lẹ́. Irú ẹjọ́ báyìí pọ̀ lọ́dọ̀ wa, wọn kì í sábà dé kóòtù, ọ̀rẹ́ ló kàn máa ń parí síbẹ̀.

Ọmọ_abẹ́rẹ́, gbọ́ mi dáadáa. Bí ẹ ṣe wà yìí, ẹ ò ní kọ́ńpìnnì. Ẹ̀yin mẹ́ta tí ẹ jọ ń ṣòwò kan láti jèrè, òfin lè pè yín ní àjọṣòwò, kódà bí ẹ ò bá kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Ohun méjì ló wá tẹ̀lé e. Àkọ́kọ́, nínú òfin àjọṣòwò tí a jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, bí kò bá sí àdéhùn mìíràn, èrè dọ́gba ni. Nítorí náà, jagun ò jìnnà sí òtítọ́. Èkejì ló burú: gbèsè náà, gbogbo yín lẹ jọ ru ú. Bí ọ̀kan bá lọ yá owó nítorí iṣẹ́ yìí, wọ́n lè wá bá ìwọ náà nílé.

Ẹ lọ forúkọ kọ́ńpìnnì sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ kọ́ńpìnnì sílẹ̀, kó jẹ́ Limited, ìyẹn kọ́ńpìnnì tó dá dúró lọ́tọ̀ sí ẹ̀yin fúnra yín. Ẹ má ṣe orúkọ òwò lásán nítorí pé ó dínwó. Orúkọ òwò kò ya gbèsè òwò kúrò lára yín, kò sì ní ìpín tí olówó lè rà. Lábẹ́ CAMA ti 2020, òfin tó de àwọn kọ́ńpìnnì, ₦100,000 ni iye ìpín tó kéré jù fún kọ́ńpìnnì aládàáni, gbogbo ìpín náà ló sì gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ni ín. Kò sí pé ẹ tọ́jú apá kan síbì kan "títí ẹnìkan á fi dé" mọ́.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ kóòdù. Ọ̀rẹ́ yín ò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Nínú Copyright Act ti 2022, òfin tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ nǹkan, iṣẹ́ ìwé ni wọ́n ka kóòdù kọ̀ǹpútà sí, ẹni tó kọ ọ́ ló kọ́kọ́ ni ín. Sísanwó dátà fún un tàbí bíbá a jókòó lóru kò sọ ọ́ di tiyín. Àfi kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó fọwọ́ sí i, pé òun gbé e fún kọ́ńpìnnì. Ẹnu lásán kò tó. Ohun tó ń mú wá síbi àjọṣe yín tóbi, ó yẹ kí ẹ̀yin méjì tó kù gbà bẹ́ẹ̀ fún un lójú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kóòdù tí kò ní télọ̀ 43 nínú, kò sẹ́ni tó máa gbé ₦6,000,000 wá síbẹ̀. Òun náà ní láti gbọ́ ìyẹn.

ọmọ_abẹ́rẹ́

Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀gbọ́n òròkí, mo ka tiyín lẹ́ẹ̀mejì, àyà mi ń já. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, oṣù kọkànlá ni domain wa máa tán.

Ìbéèrè kan: ká ní a fọwọ́ sí ìwé lónìí, tí ọ̀kan nínú wa wá jápa lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣé á máa gbé ìdá mẹ́ta lọ báyẹn, tí àwa yòókù á máa ṣiṣẹ́ fún un?

ẹ̀gbọ́n_peckham

Ìbéèrè gidi lo bi yẹn. Lọ́dọ̀ wa níbí ní London àti ní Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé ìpín ẹnikẹ́ni kì í di tirẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó ń fi iṣẹ́ gbà á ni. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń lò. Ká ní ìpín 300,000 ni wọ́n kọ fún ọ. Bí o bá lọ kí ọdún kan tó pé, o ò mú nǹkan kan lọ. Ọjọ́ tí ọdún kan pé, 75,000 di tìrẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ìgbà yẹn, 6,250 lóṣooṣù títí oṣù 48 fi pé. Ẹni tó bá lọ ní oṣù ogún á mú 125,000 dání, 175,000 á padà. Kò sẹ́ni tó fìyà jẹ ẹ́, kò sì sẹ́ni tó gun ẹ̀yìn àwọn tó kù.

Ẹ sì má rò pé àwọn ńlá ò kọsẹ̀ níbi tí ẹ wà yìí. Oṣù kẹjọ 1998, olówó ìdókòwò kan, Andy Bechtolsheim, kọ ṣẹ́ẹ̀kì $100,000 fún Larry Page àti Sergey Brin, àwọn méjèèjì ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Stanford. "Google Inc." ló kọ sórí rẹ̀. Kò sí ohun tó ń jẹ́ Google Inc. lọ́jọ́ yẹn. Wọn ò lè gbé ṣẹ́ẹ̀kì náà lọ sí báńkì àfi ìgbà tí wọ́n lọ forúkọ sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án. Nítorí náà, olówó tó bi yín pé "ìwé dà?" ṣe yín lóore.

Facebook ló máa ń dun èmi jù. Eduardo Saverin, ọmọ tí wọ́n bí ní Brazil, wà pẹ̀lú Mark Zuckerberg ní yunifásítì Harvard nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì 2004. Owó rẹ̀ wà lára èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ná. Nígbà ooru ọdún yẹn, Zuckerberg ti kó lọ sí California, Saverin wà ní New York, níbi tó ti ń ṣe iṣẹ́ mìíràn. Wọ́n tún kọ́ńpìnnì tò, ìpín Saverin wá kéré sí i gan-an. Ó di ẹjọ́. Wọ́n parí rẹ̀ níta kóòtù, wọ́n dá orúkọ rẹ̀ padà sára àwọn olùdásílẹ̀. Owó tó kù fún un pọ̀ ju ohun tí ìdílé lè ná tán lọ. Ọ̀rẹ́ ni kò padà.

Ẹnì kan wà ní Èkó nínú ọ̀rọ̀ tiyín. Ẹ tètè bá a sọ̀rọ̀.

amòfin_àkúrẹ́

Mo fara mọ́ ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹ má lọ da ìwé Amẹ́ríkà kọ. Òfin wa fi ìdènà sí kí kọ́ńpìnnì máa ra ìpín ara rẹ̀ padà. Ọ̀nà tí a sábà máa ń gbà ni pé kí ẹni tó ń lọ gbé èyí tí kò tíì ṣiṣẹ́ gbà fún àwọn olùdásílẹ̀ tó kù. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ ọ́ sínú àdéhùn àwọn onípìn-ín.

ìyá_gbági

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín. Mi ò mọ kóòdù. Aṣọ ni mò ń tà, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Ọmọ mi ló ń fi ibí yìí hàn mí, òun náà ló sì ń bá mi tẹ̀ ẹ́.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan jọ jáde sẹ́kọ́ńdírì, a jọ dá owó, a jọ ń lọ kó léèsì ní Balógun. Ọkọ̀ òwúrọ̀ la máa ń wọ̀, a ó jókòó lórí ẹrù wa padà wálé. Kì í ṣe owó ló tú wa ká. Lọ́jọ́ kan, mò ń júwe ọ̀nà fún oníbàárà, mo ní, "Ẹ máa bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi." Ó wà lẹ́yìn mi. Ṣọ́ọ̀bù wa ni. Ó gbọ́ ọ, kò sọ nǹkan kan. Ọdún kan ló fi gbé e sínú kó tó sọ ọ́ jáde, ìgbà yẹn ó ti di nǹkan mìíràn. Ìlà kejì ló wà títí dòní. A máa ń kí ara wa.

Ọ̀gbẹ́ni Peckham, oṣù méjìdínláàádọ́ta tí o kà yẹn dára fún ẹni tí a pàdé lọ́nà. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó yìí, ilé ìyá rẹ̀ ni wọ́n gbé fún oṣù mẹ́jọ. Oúnjẹ ìyá rẹ̀ ni wọ́n jẹ. Oṣù mélòó lo fẹ́ kọ fún ìyẹn? Ọmọ_abẹ́rẹ́, dá mi lóhùn: ta ló ń san owó ibi tí ẹ gbé nǹkan yín sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Kí ló sì dé tó fi gba iṣẹ́ Èkó?

ọmọ_abẹ́rẹ́

Ẹ kú ìkàlẹ̀, mà.

Ẹni tó wà ní Èkó ló ń san án. Orúkọ oníkóòdù ló wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí òun ti ríṣẹ́, owó oṣù rẹ̀ la fi ń san án. Àbúrò méjì ló ní tí wọ́n ṣì wà níléèwé, bàbá wọn ò sí mọ́. Ìdí tó fi gba iṣẹ́ nìyẹn.

Mi ò kọ ọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ mi. Mo ń kà á báyìí, mo rí i pé mo kọ ọ́ bí ẹni pé ó sá fi wá sílẹ̀. Kò dáa bẹ́ẹ̀.

ẹ̀gbọ́n_peckham

Ìyá wa, ẹ kú ọ̀rọ̀. Mo gbà. Owó tí ẹnikẹ́ni bá ti ná, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbèsè tí kọ́ńpìnnì jẹ ẹ́, kó dá dúró lọ́tọ̀ sí ìpín iṣẹ́. Oṣù tí wọ́n sì ti lò lórí rẹ̀ sẹ́yìn, kí wọ́n kà á mọ́ ọn. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

òru_kóòdù

Èmi ni mo ń kọ kóòdù náà.

Èèyàn kan ní kíláàsì wa ló fi ojú-òpó yìí ránṣẹ́ sí mi, ó ní, "Ṣé ẹ̀yin kọ́ nìyí?" Inú kọ́kọ́ bí mi pé o gbé wa síta. Mo ka tìyá Gbági tán, mo pa fóònù, mo lọ jókòó síta. N ò lè dákẹ́ mọ́.

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Kì í ṣe ìdajì ni mò ń wá. Ṣé o rántí ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn télọ̀ ní oṣù kejì? O ní kí n tẹ̀lé ọ. Mo gbé láptọ́ọ̀pù dání, mo jókòó sẹ́yìn nítòsí ẹni tó ń pín omi. O dìde, o ní, "Mo ṣe nǹkan kan tó máa ràn yín lọ́wọ́." Mo ṣe. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ọ. Alága ní báwo ni o ṣe gbọ́n tó báyìí, o rẹ́rìn-ín, o ò bojú wẹ̀yìn. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìpàdé yẹn, òru mẹ́rin ni mi ò sùn, nítorí àtẹ̀jíṣẹ́ ń lọ ní ìlọ́po mẹ́ta sọ́dọ̀ àwọn oníbàárà, owó wa sì ń tán. Jẹnẹrétọ̀ ilé wa kò lépo, inú ilé epo kan lójú títì ni mo ti ń lo iná wọn. Ẹni tó ń ta epo níbẹ̀ lóru mọ orúkọ mi. Àwọn télọ̀ 43 ò mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí olówó yẹn bi wá pé ta ló ni ín, ẹnu mi ló sọ ìdajì. Ohun tó wà níkùn mi ni pé kí ẹnìkan sáà mọ̀ pé mo wà níbẹ̀.

ọmọ_abẹ́rẹ́

Mo rántí ìpàdé náà. Mo rántí àtẹ́wọ́ yẹn. Mi ò rántí pé mo sọ "mo ṣe". Ṣùgbọ́n bí o bá ní mo sọ ọ́, mo sọ ọ́.

Jọ̀ọ́, má bínú. Tọkàntọkàn ni mo fi ń bẹ̀ ọ́, níwájú gbogbo àwọn tó ń kà á. N ò mọ̀ pé inú ilé epo lo ti ṣe é. O kàn sọ fún mi láàárọ̀ pé "ó ti ń ṣiṣẹ́", mo ní "o ṣé", mo bọ́ sọ́nà.

ìyá_gbági

Ẹ gbé fóònù, ẹ pe ara yín. Ẹ má parí rẹ̀ síbí.

jagun_mókọ́lá

Ìyá ti sọ ọ́. Mo mú ọ̀rọ̀ mi àkọ́kọ́ kúrò nílẹ̀.

ọmọ_abẹ́rẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ní kí n wá jíṣẹ́ bí ó ṣe lọ.

Ọjọ́ Sátidé la pàdé ní ṣọ́ọ̀bù ìyá. Ẹni Èkó wá pẹ̀lú ọkọ̀ àárọ̀. Ó mú ìwé kékeré kan jáde nínú báàgì rẹ̀: gbogbo kọ́bọ̀ tó ti ná lórí iṣẹ́ yìí ló kọ síbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. ₦186,400. Mo ní kí ló dé tí kò fi bi wá rí. Ó ní òun ò kọ ọ́ kí òun lè béèrè, pé bí ìyá òun ṣe kọ́ òun nìyẹn, owó tó bá jáde kó ní ibi tó ń gbé. Mo wá bi í nípa dídákẹ́ rẹ̀. Ó ní bí òun bá sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó dà bíi kí òun yan ọ̀kan nínú wa, òun ò sì lè yàn.

Bí a ṣe pín in nìyí. Oníkóòdù 38, èmi 34, òun 28. Èmi ni mo dá a lábàá. Oníkóòdù ní 38 ti pọ̀ jù, ó fẹ́ gba 36. Ẹni Èkó ló ní kó gbà á, ó ní 28 tẹ́ òun lọ́rùn bí òun bá lè máa ṣe ìṣirò owó lálẹ́ láti Èkó. Ọdún mẹ́rin la fi máa ṣiṣẹ́ gbà á, a ka ọdún kan àti ààbọ̀ tí a ti lò mọ́ ọn. ₦186,400 á jẹ́ gbèsè, òun la máa kọ́kọ́ san. Kóòdù á di ti kọ́ńpìnnì lọ́jọ́ tí ìwé CAC bá jáde, ó ti fọwọ́ sí ìwé ìlérí rẹ̀, lọ́yà kan ládùúgbò ló bá wa wò ó. Nígbà tí mo bá wà níwájú télọ̀ yòówù, "a" ni mo máa sọ, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la ó sì lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ tó ń bọ̀.

Olówó ní òun á dúró. Ìdá 30 ló ń béèrè, ó wú lójú wa, a ti ní kó jẹ́ kí a forúkọ sílẹ̀ ná ká tó sọ̀rọ̀ iye. CAC ti kọ orúkọ tí a kọ́kọ́ fẹ́, ẹlòmíì ti ń jẹ́ ẹ. A ti fi òmíràn ránṣẹ́.

òṣogbo_òròkí

Domain ńkọ́?

òru_kóòdù

Alẹ́ Sátidé náà ni mo ṣe é, ẹ̀gbọ́n. A ṣí ímeèlì tuntun tó jẹ́ ti iṣẹ́, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la ní password rẹ̀, fóònù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì lè jẹ́rìí sí i. Mo fi orúkọ mi gidi kún un, bó ṣe wà nínú NIN, títí orúkọ kọ́ńpìnnì á fi dé. Mo ti san ti ọdún méjì síwájú.

òṣogbo_òròkí

Ẹ kọ ọjọ́ tó máa tán síbi tí gbogbo yín á ti máa rí i. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ímeèlì nìkan.

ọmọ_abẹ́rẹ́

A ti kọ ọ́. Ìyá gbà á lọ́wọ́ wa, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń sàmì sí aṣọ kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, lókè ẹ̀rọ ìránṣọ, níbi tí òjò ò lè dé.